Kànga Tí Mo Fi Ìka Mi Hàn

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí n kò tíì lè dá tu ọkọ̀, omi mímu wa kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilé. Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọmọ ọmọ mi, má tún un ṣe.

Ìlú wa ò jìnnà sí Ayétòrò. Òkun wà níwájú, ọ̀sà wà lẹ́yìn, iyọ̀ sì wà nínú méjèèjì. Orí yanrìn tó wà láàárín ni ìyá mi ń gbẹ́ kànga sí. Ẹ̀yin ará òkè, ẹ má rò pé kànga tó jìn ni o. Kò ju orúnkún lọ. Omi òjò ló sùn lé omi iyọ̀ lórí nísàlẹ̀ yanrìn, bí ọmọ ṣe ń sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Èèpo àgbọn la fi ń rọra ré e. Ẹni tó bá gbẹ́ ẹ jù, iyọ̀ á jí. Lọ́jọ́ tí mo ki korobá bọ̀ ọ́ nítorí pé mo fẹ́ tètè lọ ṣeré, ìyá mi gbá mi létí: "Olójúkòkòrò! Ṣé ìwọ nìkan ni òùngbẹ ń gbẹ?" Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni àdúgbò fi mu omi iyọ̀ nítorí mi.

Ìgbà tí mo darúgbó ni àwọn àlejò kan fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì wá. Wọ́n lẹ bébà aláwọ̀ mèremère mọ́ ògiri, ọmọ mi sì kà á fún wa. Ó ní gbogbo ìjọba ayé ti fẹnu kò pé òṣì á tán, ebi á tán, omi tó mọ́ á kárí, wọ́n tilẹ̀ ti dá ọdún tí yóò ṣẹ. A jó. Wọ́n wá béèrè ibi tí omi dídùn wà. Èmi ni àgbà obìnrin. Èmi ni mo fi ìka mi hàn wọ́n.

Ẹ̀rọ wọn gbẹ́ ilẹ̀ lọ títí. Mo pariwo, "Ó tó! Ẹ ó jí iyọ̀!" Ọ̀gá wọn rẹ́rìn-ín: "Màmá, ẹ lọ sinmi. Ohun tí a kọ́ nílé ìwé nìyí." Èmi tí n kò mọ ìwé, mo gba ilé lọ. Ẹ̀rọ náà da omi dídùn fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ni iyọ̀ bá dé. Wọ́n sì ti da kọnkéré bo kànga wa. A gbẹ́ òmíràn, a tún gbẹ́ òmíràn, iyọ̀ ni. Omi inú ọ̀rá là ń rà báyìí. Bí ìjì bá dí ọkọ̀ lọ́nà, omi iyọ̀ la fi ń ro púpurú fún ọmọdé. Àwọn ìyàwó ilé mọ ẹni tó fi ìka hàn. Wọn ò sọ ọ́ lójú mi, àmọ́ mo máa ń gbọ́.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn mìíràn tún gbé bébà tuntun dé. Ọdún tí wọ́n dá ti kọjá, wọ́n ti sún un síwájú. Ọmọbìnrin kan nínú wọn bi mí pé, "Màmá, ṣé omi ẹ̀rọ yẹn wúlò fún yín?" Mo bù ú sínú ife. "Mu ún, kí o fi ẹnu ara rẹ dáhùn." Ó wo ife, ó wo ọ̀gá rẹ̀, ó ní òun ti mu omi kí òun tó kúrò nílé.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ. Láyé àwọn ìyá wa, bí àlejò bá wọlé, kí a tó béèrè orúkọ rẹ̀, a ti bu omi fún un. Lónìí, àlejò ń gbé omi tirẹ̀ wá sílé mi, ó ń mu ún lójú mi, àwọn ọmọ kéékèèké ilé mi sì ń wo ọ̀fun rẹ̀.