Kògbẹ̀bẹ̀ àti Ìyá Pẹ̀lẹ́, Obìnrin Kan Náà Ni

Ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé kí wọ́n tó bí wọn, Ìyá Pẹ̀lẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń pe nọ́ọ̀sì yìí. Wọn kò purọ́ mọ́ ọn. Bó bá ń rìn láàárín àwọn àpótí onígíláàsì tí àwọn ọmọ náà ń sùn sí, o ò ní gbọ́ ìró bàtà rẹ̀. Tó bá fẹ́ yí ọmọ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ padà, yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ra èkejì títí méjèèjì yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, yóò wá tẹ̀ síwájú, yóò ní, "Pẹ̀lẹ́, olówó mi. Mo fẹ́ fọwọ́ kàn ọ́ o." Ọmọ tí kò tíì la ojú dáadáa, ó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀! Àwọn ìyá tí ẹ̀rù ti bà débi tí wọn ò lè jókòó, tí wọ́n bá ti gbọ́ pé òun ló wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á fìdí lé àga.

Ní ọ̀sán Sátidé, ọ̀rọ̀ á yí bìrí. Lórí pápá kan tó wà lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé, níbi tí koríko ti kú lójú kan tó sì ga dé orúnkún lójú kejì, obìnrin yìí kan náà á wọ ṣòkòtò péńpé dúdú, á fi fèrè kọ́rùn, á sì máa sáré tẹ̀lé àwọn ọkùnrin bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ gbé. Òun ni rẹfirí. Orúkọ tí àwọn agbábọ́ọ̀lù sọ ọ́ níbẹ̀ ni Kògbẹ̀bẹ̀. Kò sí bó o ṣe lè bẹ̀ ẹ́, kò sí ẹni tó o lè rán sí i. Tó bá ti fi fèrè sẹ́nu, ó parí. Ohùn tó ń tọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ jáde níbẹ̀, bí àwọn ọmọ inú wọ́ọ̀dù bá gbọ́ ọ, gbogbo wọn ni yóò bú sẹ́kún lẹ́ẹ̀kan náà.

Kì í ṣe pé ó wéwèé rẹ̀. Nígbà kan, ọsibítù ní kó gbé àpótí oògùn lọ síbi tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn ti fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Rẹfirí ò wá. Nígbà tó yá, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí bóyá bọ́ọ̀lù wọlé tàbí kò wọlé, ẹnì kan ti di ẹ̀wù ẹnì kejì mú lọ́rùn. Kò mọ ìgbà tó bọ́ sáàárín wọn.

"Fi ẹ̀wù ẹ̀ sílẹ̀! Bọ́ọ̀lù ò wọlé! Ojú mi ló ṣe!"

Ẹni tó di ẹ̀wù mú jọ̀wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ló sọ̀rọ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò wọkọ̀. Ẹsẹ̀ ló fi rìn délé, ó ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà bí ẹni tó rí nǹkan rẹ̀ tó ti sọnù he. Ó lọ kọ́ṣẹ́ rẹfirí, ó ṣèdánwò, ó yege.

Ọkọ rẹ̀, tó ń tún fíríìjì ṣe, mọ̀ pé ó ń lọ sí pápá. Àmọ́ ó rò pé àwọn ọmọ kéékèèké ló ń bá ṣeré níbẹ̀, kò sì fìgbà kankan wá wò ó. Ẹ̀gbọ́n ọkọ yìí lóbìnrin ló tú gbogbo rẹ̀ síta. Aránṣọ ni obìnrin náà, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn agbábọ́ọ̀lù kan ló gbéṣẹ́ fún un, ó wá kó aṣọ wọn dé pápá ní Sátidé kan. Ibi tó ti ń wá ẹni tí yóò gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ ló ti rí ìyàwó àbúrò rẹ̀ níwájú alápatà kan, ọkùnrin gìrìpá tí ọrùn rẹ̀ nípọn bí òpó. Alápatà yìí ti gbá ẹnì kan lójúgun, ẹni náà ṣì ń yí nílẹ̀.

"Jáde!" Nọ́ọ̀sì na káàdì pupa sókè.

"Rẹfirí, ẹ wò ó, mi ò rí i ni."

"Ẹsẹ̀ ẹ rí i. Jáde! Mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ mọ́ lórí pápá yìí lónìí."

Alápatà sorí kọ́, ó jáde bí ọmọ tí wọ́n lé kúrò ní kíláàsì. Ẹrù aṣọ bọ́ lọ́wọ́ aránṣọ.

Ọjọ́ kejì, ìpàdé dé. Pálọ̀ kún, torí fíríìjì méjì tí ọkọ tú ẹ̀yìn wọn sílẹ̀ wà nínú rẹ̀. Aránṣọ jókòó sáàárín méjèèjì bí adájọ́.

"Ìyàwó wa," ó bẹ̀rẹ̀, "látọjọ́ tá a ti gbé ọ wọlé, mi ò gbọ́ kó o kígbe mọ́ adìẹ rí. Bí mo bá bá ọ wí, wàá ní, 'Ẹ má bínú, ọkọ mi.' Àṣé ẹkùn la gbé sílé, tá a ń pè é ní ológbò! Sọ fún mi, èwo ni ayédèrú nínú méjèèjì?"

"Kò sí ayédèrú níbẹ̀, ọkọ mi."

"Olójú méjì ni wọ́n ń pe irú ẹ̀!"

"Olójú méjì lẹni tó ń sọ tibí níwájú yín, tó ń sọ tọ̀hún lẹ́yìn yín. Èmi, ní gbangba ni mo ti ń ṣe méjèèjì. Ẹ̀yin náà sáà rí mi."

Ọkọ wúkọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká ro tiẹ̀ náà. Iṣẹ́ ọsibítù yẹn nira. Ó ń rí ohun tí ojú ò gbọdọ̀ rí. Gbogbo ohun tó bá gbé mì láàárín ọ̀sẹ̀, orí pápá ló ti ń pọ̀ ọ́. Kì í mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é."

Nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Kó kàn tẹrí ba ni, ọ̀rọ̀ á tán nílẹ̀. Ojú aránṣọ ti ń rọ̀, àánú ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ara nọ́ọ̀sì kọ̀ ọ́.

"Ẹ ṣé, bàbá ọmọ mi, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi kì í bínú lórí pápá. Inú mi máa ń dùn níbẹ̀ ni! Mi ò sì gbé nǹkan kan mì ní ọsibítù. Pẹ̀lẹ́ tí mò ń kí àwọn ọmọ yẹn, àtọkànwá ni. Ẹ má sọ ọ̀kan di àìsàn kẹ́ ẹ lè ráyè fẹ́ràn ìkejì."

Aránṣọ ní dandan ni kí wọ́n mú un lọ rí dókítà tó ń tọ́jú orí.

"Mo ti bi dókítà wọ́ọ̀dù wa," ni nọ́ọ̀sì dáhùn. "Ó ní ṣé mo máa ń gbàgbé ohun tí mo bá ṣe, àbí ara mi máa ń bọ́ lọ́wọ́ mi? Mo ní rárá. Ó ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ, pé òun tí gbogbo wa ń sá fún ní ọsibítù, ọmọ òun tó kéré jù ló ń gun òun bí ẹṣin nílé."

Bó ṣe ń wí bẹ́ẹ̀ ni fóònù aránṣọ dún. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. "Olóríkunkun! Ta ló ní kó o gé e? Ta ló rán ọ níṣẹ́?" Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí oníbàárà kan fi pè é. "Ẹ̀ẹ́n, màmá mi dáadáa! Ẹ fọkàn balẹ̀, adùn-ún-wò ni mo fẹ́ fi yín ṣe." Oyin ń kán lẹ́nu rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú pálọ̀, àmọ́ ọkọ gbójú sókè, ó ń wo àjà.

Oṣù yẹn ò tíì parí tí ìyàwó alápatà fi bímọ láìtọ́jọ́. Nígbà tí alápatà wọ wọ́ọ̀dù wá wo ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni tó rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí onígíláàsì mú kó fà sẹ́yìn.

"Kí lèyí ń wá níbí?" Ó kọjú sí mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹlòmíràn ni kẹ́ ẹ fún mi. Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni. Èmi mọ̀ ọ́n!"

Mátírọ́ọ̀nù pe nọ́ọ̀sì sí kọ́rọ́. Ó ní ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́ yìí ni àwọn òbí ń gbára lé. Ó ní kó fi rẹfirí sílẹ̀, tàbí kí òun gbé e lọ síbi tí kò ti ní fọwọ́ kan ọmọ kankan mọ́.

Nọ́ọ̀sì fẹ́ràn wọ́ọ̀dù yẹn bí ojú. Síbẹ̀ ó dúró ṣánṣán.

"Mà, iṣẹ́ mi ni kẹ́ ẹ wò. Tí mo bá ṣe ọmọ kan ṣúkaṣùka, ẹ lé mi, mi ò ní janpata. Àmọ́ tó bá jẹ́ ti ohùn tí mò ń lò ní Sátidé ni, mi ò ní fi sílẹ̀. Èmi ni mo ni ohùn yẹn. Èmi náà ni mo ni èyí."

Ó padà sọ́dọ̀ alápatà. "Bàbá ìkókó, ẹ dúró síbí, kẹ́ ẹ máa wò mí. Tí ohun tí mo ṣe ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ pe ẹlòmíràn."

Ó ra ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ títí ó fi gbóná. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọ. Ó gbé rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba imú ọmọ náà lọ sí ikùn sókè, ó ń jẹ́ kí wàrà ìyá rẹ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Alápatà dúró, kò mira.

"Rẹfirí," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ṣé ọmọ mi á yè?"

"Mi ò lè ṣèlérí. Àmọ́ ó ń mí fúnra ẹ̀, bó sì ṣe ń mí yẹn wù mí."

Ọkùnrin tó ń fi àáké la egungun látàárọ̀ ṣúlẹ̀ dojú kọ ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Kò pe ẹlòmíràn. Mátírọ́ọ̀nù ò dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ mọ́, kò sì sọ pé òun ṣì í sọ. Ọmọ náà yè.

Ní Sátidé kan lẹ́yìn náà, ọkọ nọ́ọ̀sì wá sí pápá láì sọ fún un. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ó káwọ́ gbera. Kò pẹ́ tó gbàgbé pé ìyàwó òun lòun wá wò. Nígbà tí wọ́n fún ẹgbẹ́ kan ní pẹnáritì tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ré ìlà kọjá, ó ké jáde, "Rẹfirí, ṣé o fọ́jú ni?"

Nọ́ọ̀sì yíjú. Ó rí i. Ó na ìka.

"Ẹ padà sẹ́yìn ìlà, sà!"

Ó padà sẹ́yìn ìlà. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, "Má bá a jiyàn o. Kì í gbẹ̀bẹ̀."

"Ìyàwó mi ni," ni ọkọ dáhùn. Àyà rẹ̀ ti yọ síwájú kó tó mọ̀.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, ó bi í pé èwo nínú wọn, Ìyá Pẹ̀lẹ́ tàbí Kògbẹ̀bẹ̀, ló fẹ́ dáná lálẹ́ yìí. Nọ́ọ̀sì ní ó ti rẹ àwọn méjèèjì, kó yáa lọ gbé ìkòkò kaná. Ọkọ gbé e kaná, ó jẹ́ kí oúnjẹ jóná.

Ní ti aránṣọ, kò yí èrò rẹ̀ padà títí di òní. Bó bá ti wọlé báyìí, ó ti fi "o" sílẹ̀ fún ìyàwó àbúrò rẹ̀, "ẹ" ló ń pè é. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kú ilé o!" Yẹ̀yẹ́ ló fi ń ṣe. Nọ́ọ̀sì á gbójú sókè, á rẹ́rìn-ín, á sì gba gbogbo "ẹ̀yin" náà pátá.

"A dúpẹ́, ọkọ mi. A wà dáadáa."