Epo Àdúrà Nínú Súpáṣájà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Ọlálérè Akínọ̀ṣọ́ jẹ́, kí ó wo aṣọ funfun tó máa ń tẹ́ sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ ní Ṣàngótẹ̀dó. Mẹkáníìkì ni, síbẹ̀ aṣọ náà kì í pẹ́ ní àbàwọ́n kí ó tó fọ̀ ọ́. Gbogbo irin tó bá tú, orí rẹ̀ ló ń tò ó sí, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, bó ṣe jáde gan-an. Bí ó bá fẹ́ dá wọn padà, ọwọ́ ọ̀tún ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Lérè, ṣé ọkọ̀ lò ń tún ṣe ni, àbí o fẹ́ ṣèrìbọmi fún un?"

Yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Eléko ni wọ́n bí i sí. Apẹja ni bàbá rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú omi ni Ọlálérè sì kọ́kọ́ fi kọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá ń tún irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ ní sùúrù, nítorí bí ó bá kú láàárín òkun, kò sí ẹni tó máa sọ̀ kalẹ̀ tì í.

Sùúrù yìí ló mú òun àti Àlhájì Tàjùdéèn pàdé ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Agbẹjọ́rò tó ti fẹ̀yìn tì ni Àlhájì, Lẹ́kkí Phase 1 ni ilé rẹ̀ wà. Bàbá rẹ̀ fi ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan sílẹ̀ fún un, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1957. Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà ni súpáṣájà kan wà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi agbára fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì kí ó lè sáré ju bó ṣe yẹ kó sáré lọ. Mẹkáníìkì mẹ́ta ló ti wò ó tí wọ́n mi orí. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí Àlhájì tú u sọnù. Ọlálérè ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ jókòó tì í ná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jókòó tì í.

Ohun tó rí níbẹ̀ yà á lẹ́nu. Ẹ̀rọ náà kò ní eyín kankan bíi ti gíà. Irin róbótó márùn-ún, tí wọ́n ń dán bíi kóró iṣin, ló há sáàárín àwọn òrùka irin tó fún wọn pinpin. Bí bẹ́líìtì bá ti ń yí òde, àwọn ọmọ róbótó náà yóò máa yí, ìfúnpọ̀ wọn lásán ni yóò sì mú ọ̀pá àárín sáré ní ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, epo rẹ̀ kò jọ epo mìíràn. Gbogbo epo tí mẹkáníìkì mọ̀, kí irin lè máa yọ̀ lórí ara wọn ni wọ́n ṣe ń rọ ọ́. Ti eléyìí, bí irin bá fún un mọ́lẹ̀, ṣe ló ń di irin mú. Bí wọ́n bá rọ epo tó ń yọ̀ sí i, àwọn ọmọ róbótó náà yóò máa fi ara ha òrùka títí yóò fi bó. Irú òrùka yẹn kò sì sí lọ́jà mọ́.

Ọlálérè tún un ṣe, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà náà. Nígbà tí wọ́n fẹ títì ní Ajah, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bá a lọ, Àlhájì ló bá a wá ilẹ̀ tó wà báyìí. Bí Ọlálérè bá ń ka oore tó rí gbà níwájú Ọlọ́run, orúkọ Àlhájì kì í gbẹ́yìn.

Lọ́dún yìí, Rùkáyàt, ọmọ Àlhájì tó wà ní Amẹ́ríkà, fi àwọn ọmọ róbótó tuntun ránṣẹ́, èyí tí irin wọn le ju ti àtijọ́, pẹ̀lú sípíríìnì tó lágbára, rọ́bà tí kò ní jẹ́ kí epo jò, àti ìgò epo náà méjì. Ọjọ́ mọ́kànlá ni Ọlálérè fi ṣe iṣẹ́ yẹn. Nígbà tó parí ní ọjọ́ Sátidé, inú rẹ̀ dùn dé ibi tó fi wé ẹ̀rọ náà sínú aṣọ funfun, tó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì láti fi dúpẹ́.

Ìjọ aláṣọ funfun ni ìjọ rẹ̀ ní Ajah, wọn kì í wọ bàtà. Ìyá Ọlákẹ́mi, àgbà aládùúrà, gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà, ó gbàdúrà tó ki. Ọlálérè di ojú, ó ń ṣe "Àmín" láti inú wá. Ìgbà tó lajú, ó rí òróró ólífì tó ń dán lára irin. Ó fi aṣọ nù ún. Kò wá sí i lọ́kàn pé òun kò tíì fi ìdérí dé ihò tí wọ́n ń gbà da epo sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ó dè é padà sínú ọkọ̀ ní ilé Àlhájì. Àlhájì dúró tì í, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ọlálérè ṣáná, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ọwọ́ aago tó ń wọn agbára atẹ́gùn, tó yẹ kó gun márùn-ún, dé méjì, ó gbọ̀n, ó sì wálẹ̀. Kíá ni Ọlálérè pa ẹ́ńjìnnì.

"Kí ló dé?"

"Ó ń yọ̀, sà."

"Ó ń yọ̀ kẹ̀? Kí ni wọ́n fún un?"

"Yíyọ̀ ayọ̀ kọ́, sà. Yíyọ̀ bí ilẹ̀ tí omi ọṣẹ dà sí."

Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn epo jáde, ó gbé e sí imú. Òórùn ólífì. Ó rántí àdúrà ọjọ́ Àìkú.

Ọ̀nà kan wà tó rọrùn. Bí ó bá ní epo tó ti Amẹ́ríkà wá ni kò dára, ta ni yóò jiyàn? Rùkáyàt kò sí níbẹ̀ láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ òótọ́, Àlhájì yóò gbọ́ pé ó gbé ohun ìní bàbá òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìgbàṣẹ, òróró àdúrà sì ti wọ inú rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án lè parí níbẹ̀.

"Àlhájì, ẹ̀bi mi ni," ló wí. Ó sì rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Àlhájì wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun ń lọ kírun Alásàrì, ó sì wọlé. Ọlálérè dúró lójú kan náà. Ó dà bíi pé ìrun ọjọ́ náà gùn ju ti ìgbàkigbà lọ.

Nígbà tí Àlhájì jáde, ó ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ sókè.

"Tú u. Lójú mi."

Ọlálérè tẹ́ aṣọ, ó ń tò wọ́n. Àlhájì mú tọ́ọ̀ṣì, ó ń tan iná sí ọmọ róbótó kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wo ẹyin. Márààrún mọ́. Ó ku àwọn òrùka. Lára ọ̀kan, ìlà dúdú kan wà, tínrín bí irun orí. Ọlálérè fi aṣọ tútù nù ún, ó tún nù ún. Ìlà náà bá aṣọ lọ. Ó fi èékánná wọ́ ojú ibẹ̀: kò kọ́ ọ lọ́wọ́ rárá.

"Alhamdulilahi," ni Àlhájì wí.

"Ọpẹ́ ni fún Olúwa," ni Ọlálérè wí.

"Kí n tó ṣẹ́jú lo ti pa iná. Ẹlòmíràn ì bá máa tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi ké. Ká sì ní o purọ́ mọ́ ọmọ mi ni, ǹ bá gbà ọ́ gbọ́." Àlhájì pa tọ́ọ̀ṣì. "Má ṣe gbé e lọ sí ibikíbi mọ́ láìsọ fún mi."

"Mo gbọ́, sà. Ẹ ṣeun, sà."

Wọ́n fọ gbogbo rẹ̀, ó gbẹ mọ́jú. Ní ọjọ́ kejì, bí Ọlálérè ṣe ń rọ epo inú ìgò kejì sí i, mọ́tò kan já Ìyá Ọlákẹ́mi, ẹni tí Ọlálérè ti pè lórí fóònù lálẹ́ àná, sílẹ̀ níwájú géètì, nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bá ọmọ yẹn wí o, Àlhájì. Èmi ni mo da òróró."

"Ẹ dìde, Ìyá. Báwo lẹ ṣe rí ihò yẹn gan-an?"

"Mo rí ẹnu tó là sókè, mo ní ó fẹ́ gba ìbùkún ni."

Àlhájì rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. "Ó dáa. Ẹ gbàdúrà fún wa kí ó tó gbéra. Ṣùgbọ́n àdúrà gbígbẹ ni o!"

Ìyá gbàdúrà gbígbẹ. Ọlálérè ṣáná, súpáṣájà súfèé, ọwọ́ aago gun márùn-ún, ó sì dúró síbẹ̀. Ọlálérè fẹ́ bọ́ sílẹ̀ kí Àlhájì lè jókòó sídìí ìdarí, nítorí láti ọjọ́ tí bàbá Àlhájì ti kú, kò sí ẹlòmíràn yàtọ̀ sí Àlhájì fúnra rẹ̀ tó wa ọkọ̀ náà jáde ní géètì.

Àlhájì ti ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún Ìyá Ọlákẹ́mi. Òun fúnra rẹ̀ yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó jókòó níwájú, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Kí lò ń wò? Máa wà á lọ."

Ọlálérè nu ọwọ́ méjèèjì sára ṣòkòtò rẹ̀, ó di ìdarí ọkọ̀ mú, ó sì rọra gbé wọn jáde sí títì.