Ìran Ikú Tí A Ò Yà

Ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo fi kọ eré orí tẹlifíṣọ̀n kan, eré ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí àwọn ará Kàbbà kì í fẹ́ kó kọjá wọn. Èyí tí a yà nínú ohun tí mo kọ pọ̀. Èyí tí a ò yà náà ò kéré: ó kún àpótí onírin kan nínú yàrá mi. Ọ̀kan ń fẹ́ ọgbọ̀n màlúù, olùdarí eré sì ní ibo lòun ti máa rí màlúù tó máa gbọ́ "dúró". Òmíràn dá lórí àgbẹ̀ ará Àmúrò kan tó du ipò alága; wọ́n ní ọ̀rọ̀ òṣèlú ni, kí n gbé e pamọ́. N kò bínú. Mo mọ iṣẹ́ mi, mo sì mọ̀ pé ohun tí wọn ò yà kì í ṣe ohun tí kò dára.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tó jẹ́ pé èmi fúnra mi ni mo fà á sẹ́yìn. Nínú rẹ̀ ni mo ti pa ìyá inú eré náà. Obìnrin ará Iffe kan ló ń ṣe ìyá yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta ká yà á, ó wá bá mi nílé.

"Òkun o, ẹ̀gbọ́n." Ó kí mi bí àwa ará Òkun ṣe ń kíra, kò jókòó. "Ẹ ti pa mí."

"Eré ni."

"Èmi mọ̀ pé eré ni. Ìyá mi ò mọ̀."

Ó ṣàlàyé pé ìyá òun kò lè rìn mọ́. Tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, wọn a gbé e jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, a sì máa dá ọmọ rẹ̀ lóhùn bí ẹni pé inú yàrá ló wà. Nígbà tí ibà ṣe ọmọ rẹ̀ yìí nínú eré, ìyá kọ oúnjẹ títí ọmọ fi bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Tó bá rí mi nínú pósí, ẹ̀gbọ́n, ó parí nìyẹn."

Ó dùn mí. Ó lé ní oṣù kan tí mo fi kọ ìran yẹn. Síbẹ̀, mo ní, "Fi ọkàn balẹ̀. N óò kọ òmíràn." Olùdarí pariwo mọ́ mi, mo ní èmi ni mo ń kọ ọ́. Mo rán ìyá inú eré lọ sí Ẹ̀gbẹ́, ó lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, eré sì ń bá a lọ títí a fi parí rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá obìnrin ará Iffe náà re ibi àgbà ń rè. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ rẹ̀ yà sọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ìwé yẹn dà?"

Mo gbé ìran ikú náà wá láti inú àpótí. Ó wọ awò ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, pẹ̀lú ohùn tí gbogbo ilẹ̀ Òkun mọ̀. Nígbà tó dé ibi tí ìyá ti ń dágbére, ìyàwó mi, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, bú sẹ́kún. Àfi bí aládùúgbò wa, Alhaja tó ń ta iṣu, ṣe sáré wọlé.

"Ta ló kú?"

Ẹ̀rín pa wá. A ṣàlàyé fún un. Ó fa àga, ó jókòó. "Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. N ò bá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

Ó tún un bẹ̀rẹ̀, àmọ́ nígbà tó dé ibi ìdágbére, ó gbé ìwé náà sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí ti gùn jù. Ọwọ́ mi ni ìyá mi kú sí. Ohun tó béèrè kò ju bóyá àwọn ewúrẹ́ ti wọlé lọ."

Ìdágbére yẹn ni mo rò pé mo kọ dáadáa jù láyé mi. Síbẹ̀, mo mú báírò, mo fagi lé gbogbo rẹ̀, mo kọ ti ewúrẹ́ síbẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Kò sẹ́ni tó sunkún báyìí. Alhaja kàn káwọ́ lérí.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yà á báyìí, ó ti tó yà. Bí wọn ò bá sì yà á, àwa mẹ́rin ti gbọ́ ọ.