Ọmọ Tàmálè tí Wọ́n Mú ní Ọ̀yọ́

Ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí sójà ń ṣèjọba, tí owó wa sì ń di yẹpẹrẹ lójoojúmọ́, tíṣà ni mí ní Ọ̀yọ́, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa níbẹ̀. Owó oṣù àti oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jà fún. Àwa díẹ̀ tún gbé ìjà mìíràn kún un. Àwọn ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fẹ́ tọwọ́ bọ àdéhùn pé kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè máa gbé inú èkejì, kó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lé e. Àwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké ń bẹ̀rù pé Nàìjíríà yóò gbé àwọn mì. Àwa náà ń bẹ̀rù pé wọn yóò wá bá wa jẹ ìwọ̀nba tó kù nínú ìkòkò. Kò sì tíì pẹ́ púpọ̀ tí a fi ojú wa rí àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ wa, ọmọ Gánà, tí wọ́n ru báàgì lórí lọ sí ẹnubodè nígbà tí ìjọba wa lé wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Gánà tí wọ́n lé, tó tún padà wá, ni Yàkúbù, wẹ́dà tó ń jórin ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́. Tàmálè, ní Gánà, ni wọ́n bí i sí, àárín àwọn Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣòwò níbẹ̀ ló sì dàgbà sí, débi pé Yorùbá ẹnu rẹ̀ dán ju tèmi lọ. Ó fẹ́ Rábì, ọmọ Àlùfáà Bùráímọ̀. Àlùfáà fúnra rẹ̀ ti ta aṣọ ní Tàmálè fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjọba Gánà tó lé àwa Yorùbá kúrò lọ́hùn-ún ní 1969.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, a pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí a lè mọ ohun tí a ó sọ fún ìjọba lórí àdéhùn náà. Àlùfáà ló kọ́kọ́ dìde.

“Ẹ kú ìjókòó o. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Aṣọ kún ìsọ̀ mi lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n máa lọ. Ojú ọ̀nà ni ìyá Rábì kú sí, ẹ̀gbẹ́ títì la sin ín sí. Ẹ wá ní kí n nawọ́ sókè pé mo fẹ́ bá wọn ṣe ọ̀kan? Láéláé!”

Yàkúbù dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

“Bàbá, ẹ má bínú. Ohun tí ojú yín rí gan-an ni kò jẹ́ kí n dákẹ́. Ká ní àdéhùn yìí ti wà nígbà yẹn, ta ni ì bá lé yín?”

“Ṣé ìwé ló máa dá sójà dúró?”

“Ìwé nìkan kọ́, Bàbá. Àwa tí a bá dúró ti ìwé náà ni.”

Àlùfáà jókòó. Nígbà tí a dìbò, ọ̀pọ̀ nawọ́ sókè. Ọwọ́ Àlùfáà wà lórí itan rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a wọ́de ní Ọ̀yọ́, a gba iwájú ọjà Akẹ̀sán kọjá, à ń lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Orin wa dùn, àwọn ọlọ́jà ń bá wa gbè é. Àfi bí ọlọ́pàá ṣe yọ pẹ̀lú kóńdó àti tajútajú. Wọ́n ní kí a jókòó sílẹ̀.

Sájẹ́ǹtì wọn ní, “A gbọ́ pé àjèjì wà láàárín yín tó ń da ìlú rú.” Ó wá ń bi wá léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ku díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ Yàkúbù, mo fẹnu sí i létí.

“Sọ pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ẹ́. Ta ló máa mọ̀?”

Ó wò mí bí ẹni pé ó ń káàánú mi. “Àǹtí, kí la wá ń wọ́de fún nígbà náà?”

Ó gbójú sókè sí sájẹ́ǹtì. “Ọmọ Tàmálè ni mí, sà. Ọmọ Gánà.”

Òun nìkan ni wọ́n gbé sínú ọkọ̀.

Ọjọ́ kejì, Àlùfáà dé àgọ́ ọlọ́pàá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Rábì tẹ̀ lé e, oyún ti yọ lára rẹ̀. Bàbá ṣí fìlà lórí, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, mo bá dì í mú.

“Ẹ dákun, ọmọ mi ni.”

Ọ̀gá wọn mi orí. “Bàbá, ọkọ ọmọ yín ni. Ẹ má bínú, òfin là ń tẹ̀ lé.”

Àlùfáà rẹ́rìn-ín kan tí kì í ṣe ẹ̀rín. “Ohun tí ọlọ́pàá Tàmálè sọ fún mi gan-an nìyẹn.”

Wọ́n jẹ́ kí Yàkúbù bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé kí wọ́n tó gbé e lọ sí ẹnubodè. Ó ní kó bá òun gbé irinṣẹ́ òun kúrò lábẹ́ òjò.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, oníṣòwò obì kan ní Sábó, tó ń ná Gánà, mú ìròyìn dé. Yàkúbù ti ń múra àtipadà wá kí ibà tó dá a dùbúlẹ̀ ní Tàmálè. Kò dìde mọ́. Rábì ti bímọ ọkùnrin nígbà náà.

Kò pẹ́ sí i ni rédíò kéde pé àdéhùn náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi pàtẹ́wọ́. Èmi wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bá Rábì níbi tó ti ń wẹ ọmọ.

“Àǹtí, ẹ káàbọ̀. Mo ti gbọ́.” Ó da omi sí ọmọ náà lẹ́yìn. “Ṣé àdéhùn náà máa ń ṣiṣẹ́ padà sẹ́yìn?”

Mo gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá a nù ún.

Àlùfáà tó ti búra pé òun kò ní tẹ ilẹ̀ Gánà mọ́ ló mú ìyá àti ọmọ lọ kí àwọn àna rẹ̀ ní Tàmálè. Nígbà tó dé, ó sọ fún mi pé bàbá Yàkúbù dì mọ́ òun, ó ní, “Ìjọba wa gba ìyàwó yín, ìjọba yín gba ọmọ mi.” Àwọn àgbà méjì náà jókòó, wọn kò rí ẹni tí wọn yóò bínú sí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àwọn kan ń sọ pé a borí. Òótọ́ ni pé ẹ lè máa gbé Gánà lónìí, kí ẹ máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, n kò sì fojú kékeré wo ìyẹn. Àmọ́ aṣọ́bodè tí kò ka àdéhùn kún nǹkan ṣì pọ̀ lójú ọ̀nà, nígbàkigbà tí ebi bá sì pa ìlú, àjèjì la máa ń kọ́kọ́ nàka sí. Ọmọ Yàkúbù ti dàgbà. Ó máa ń bi mí irú ènìyàn tí bàbá òun jẹ́, mo sì máa ń sọ fún un. Títí di òní, kò sí aláṣẹ kan, ní Nàìjíríà tàbí ní Gánà, tó wá sọ fún un pé, “Pẹ̀lẹ́.”