Omi Ọṣẹ Clarrie Hobday

Ọjọ́ ìdìbò kan ni wọ́n fi mọ Clarrie Hobday jù. Ní Kurrabil, bó ṣe rí káàkiri Ọsirélíà, ẹni tó bá dìbò tán kì í lọ sílé láìjẹ sọ́séèjì nínú búrẹ́dì. Clarrie ló ń yan án lórí ààrò gáàsì ńlá kan nínú ọgbà iléèwé. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ṣe é.

Lọ́jọ́ náà, ogójì èèyàn ti tò. Clarrie po omi ọṣẹ sínú agolo, ó ki búrọ́ọ̀ṣì tó fi ń fá irùngbọ̀n bọ̀ ọ́. Ó ṣí gáàsì, ó sì kun ọ̀pá rọ́bà láti orí sìlíńdà dé ìdí ààrò. Ìfófó kan yọ níbi tí gáàsì ti ń jò, kò ju orí ìṣáná lọ. Clarrie ti gáàsì pa.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tanná sí i jàre!" Des Pascoe, olórí panápaná ìlú, ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ìfófó ẹyọ kan ṣoṣo?"

"Des, ṣé iṣẹ́ lò ń wá ni?"

Òrùka rọ́bà orí sìlíńdà ló sán. Òmíràn wà nílé rẹ̀, kìlómítà mẹ́sàn-án. Ó wọkọ̀, ó lọ. Ogójì ìṣẹ́jú kọjá, ẹnikẹ́ni ò kúrò lórí ìlà. Bó ti dé, obìnrin kan pariwo mọ́ ọn: "Bàbá, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni mo fi yan ìjọba!"

Clarrie ń de òrùka tuntun. "Ìjọba tó bá burú, ọdún mẹ́ta la máa fi fara dà á," ó ní. "Gáàsì tó ń jò kì í ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀."

Noreen Tully, opó tí ilé rẹ̀ kángun sí ti Clarrie, ló ń bá a gé àlùbọ́sà. Kì í tanná. Nígbà kan, ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ó ṣí gáàsì, kò ṣí ìdérí ààrò, ó wá ń wá ìṣáná kiri, gáàsì sì ń kó jọ sábẹ́ rẹ̀. Bó ti ṣá a, ìdérí fò, irun iwájú orí rẹ̀ sì jó. Clarrie sáré dé. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Irun á hù," ó ní. "Ìdérí mi ló tẹ̀."

Noreen rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò mú ìṣáná mọ́. Clarrie ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Ó kàn ń sọ ohun tó ń ṣe sókè: "Mo ṣí ìdérí. Omi ọṣẹ ò hó. Mo ṣá ìṣáná."

"Mo gbọ́, Clarrie. Mo ti gbọ́ ọ láti èṣí."

Gbogbo ìgbà tí ooru bá ń wọlé, agbọ́n á ti fi amọ̀ mọlé sínú àwọn ọ̀pá ààrò. Clarrie á fi wáyà tú wọn.

"O tún ń lé ayálégbé jáde?" Noreen á bi í.

"Mo ti fún wọn níwèé láti oṣù tó kọjá."

Clarrie kì í sì yan nǹkan lábẹ́ òrùlé. Nígbà tí Leanne ọmọ rẹ̀ ń ṣègbéyàwó, òjò dé. Gbogbo àlejò sá sábẹ́ páànù. Bàbá ìyàwó dúró sínú òjò pẹ̀lú kóòtù, ó ń yí ẹran.

Ó kú lóṣù kẹjọ, lójú oorun. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìlú pé sí ọgbà iléèwé. Sọ́séèjì wà nílẹ̀, ààrò tutù. Leanne ní bí ẹnikẹ́ni ò bá lè tan án, kí wọ́n gbé e fún oníirin àlòkù. Des ní òun á tan án. Ó ṣí gáàsì, ó fa ìṣáná yọ. Noreen wò ó: ìdérí wà ní pípadé.

"Des! Kúrò níbẹ̀!"

Noreen ti gáàsì pa, ó ṣí ìdérí, ó wo aago fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko kí èyí tó ti kó jọ lè fẹ́ lọ. Ó po ọṣẹ, ó ṣí gáàsì, ó kun rọ́bà. Kò hó. Ìṣáná àkọ́kọ́ ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ní kó yára. Ó ṣá ìkejì, iná búlúù sì sá lọ sá bọ̀ lábẹ́ irin.

Leanne bu sọ́séèjì tirẹ̀ jẹ. "Àǹtí, ó jóná díẹ̀."

"Jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo tọdún àkọ́kọ́ ló jóná mọ́ bàbá ẹ lọ́wọ́."

Leanne rẹ́rìn-ín, ó nujú. "Ìdìbò oṣù tó ń bọ̀ wá ńkọ́?"

"Aago mẹ́fà àbọ̀ ni kó o ti dé," Noreen ní. "Ìwọ lo máa gé àlùbọ́sà."