Ògiri Ẹgbẹ́ Bàbá Mi ní Bẹ́yẹrúnkà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní Bẹ́yẹrúnkà, n'Ìbàdàn, lánàá. Ara mi ò tíì balẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Ayàwòrán ni bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Àmọ́ omíyalé odò Ògùnpa ti gbé gbogbo àwòrán wọn lọ kí wọ́n tó bí mi, wọn ò sì ya nǹkan kan mọ́. Ọmọ ayàwòrán tí kò fojú kan iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀ rí, ṣé ẹ mọ bó ṣe ń dunni?

Bàbá Láyíwọlá nìkan ló kù nínú ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán tí bàbá mi wà. Àwọn ló mú mi lọ wo yàrá ìpàdé wọn àtijọ́, lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan.

Mo wọlé, ẹnu mi ò padé mọ́. Ìbàdàn ni wọ́n yà sára ògiri, láti òkè dé ilẹ̀! Gbọ̀ngàn Mápó lórí òkè, páànù tó ti dípẹtà, agboolé lọ́tùn-ún lósì. Mo rí agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì, tòun ti igi ìyeyè ẹnu ọ̀nà. Mo fọwọ́ kàn án, mo bú sẹ́kún. Ọwọ́ bàbá mi rèé!

Bàbá Láyíwọlá ní rárá o, ọwọ́ tàwọn ni.

Wọ́n wá ṣàlàyé. Nínú ẹgbẹ́ wọn, ẹnikẹ́ni kì í ya ilé ara rẹ̀, torí ìgbéraga kì í jẹ́ kéèyàn rí ilé ara ẹ̀ dáadáa. Ẹni tuntun ló máa lọ sílé ẹni tó wọ ẹgbẹ́ gbẹ̀yìn ṣáájú rẹ̀, á kí wọn, á jẹun níbẹ̀, kó tó wá ya ilé náà. Àwọn ló sì wọ ẹgbẹ́ tẹ̀ lé bàbá mi.

Tí bàbá mi wá dà? Wọ́n nawọ́ sí ilé kan l'Ọ́jà'ba lára ògiri náà, ilé ẹni tó wọ ẹgbẹ́ ṣáájú bàbá mi. Ìyá àgbà kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Bàbá mi ya èékánná ìyá yẹn pàápàá. Mo dúró níwájú ẹ̀ títí.

Nígbà tó yá, mo rí ibì kan ní Bẹẹrẹ tó funfun, tí wọn ò ya nǹkan kan sí. Mo bi wọ́n pé ilé ta ni. Wọ́n ní ilé tàwọn ni, ẹnikẹ́ni ò wọ ẹgbẹ́ lẹ́yìn àwọn.

Wọ́n wá ń wò mí. Mo tètè sọ pé fíláyà ìkómọ lórí kọ̀ǹpútà ni mo mọ̀ ọ́n ṣe o, mi ò mú búrọ́ọ̀ṣì rí.

Wọ́n ní, "Ta ló bi ọ́? Ìyàwó mi, Ìyá Bọ̀sẹ̀, á gúnyán nílé wa lọ́la. Kọ́kọ́ wá jẹun ná."

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ òbí ẹni lè má sí nílé ẹni, kó wà nílé ẹlòmíì. Ẹ wádìí lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ òbí yín nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé. Ta nirú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, màá kà á. Tí ẹ ò bá tètè gbọ́ èsì mi, Bẹẹrẹ ni mo wà, mò ń wo ilé Bàbá Láyíwọlá.