Wọ́n ní ìyàwó mi kò mọ orúkọ mi

Ẹ wo ohun tójú mi rí lónìí o!

Ọmọ Pọ́bẹ̀ lódìkejì bọ́dà ni ìyàwó mi. Wọ́n ti bọ́dà pa, ìyá rẹ̀ sì ń ṣàìsàn lọ́hùn-ún. Wọ́n ní tó bá lọ láìní ìwé ìgbélùú, kò ní lè padà wọlé wá bá wa n'Ílaròó.

La bá lọ gbàwé ní ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n. Ọ̀gá tó ń kọ fọ́ọ̀mù bi í pé, "Kí lorúkọ ọkọ yín?"

"Bàbá Àánú."

"Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gangan ńkọ́?"

Ìyàwó mi wolẹ̀. "Àwọn náà rèé sà, ẹ bi wọ́n."

Mo lanu, ọ̀gá ní kí n dákẹ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò mọ orúkọ ọkọ rẹ̀, kò sì fún wa níwèé.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo fẹ́ ẹ, kò pe orúkọ mi rí. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn!

Mo gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ. Ó ní òun á bá wa padà dé ọ́fíìsì náà, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ló máa fẹnu ara rẹ̀ dáhùn.

Nílé, mo ní kó pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan péré. Ó bú sẹ́kún: "Bàbá Àánú, ẹ gba lọ́yà yẹn. Ẹ ní kó bá mi pè é."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n sọ fún un?